Orúkọ Tí Tíṣà Kìtán Ní Kí N Kọ

Ẹ̀yin akọrin mi, mo bẹ Precious, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, pé kó ka ìwé yìí sí yín létí kí ọjọ́ ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì mi tó kò. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má dìde títí yóò fi kà á tán. Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ nínú mi tó dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú yín lọ. Mo fi orin bò ó, mo fi ẹ̀wù funfun bò ó, mo tún wá fi ìfẹ́ tí ẹ ní sí mi bò ó. Kò ṣeé bò mọ́. Èmi Jesse Olúgbémiga Akínṣeyẹ, ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin, olè ni mí. N kò gbé owó ìjọ, n kò gba aya aláya. Àga ojú dùùrù tí ẹ fi mọ̀ mí ni mo jí, mo sì jí iṣẹ́ tí ẹni tó ń kú lọ fi rán mi.

Kí n tó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́, torí ọpẹ́ ló pọ̀ jù lọ́rùn mi. Ẹ rántí ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejì, tí a ń kọ́ orin Àjíǹde, tí ọwọ́ òsì mi dédé dákẹ́ lórí dùùrù. Ẹ̀yin tẹ́nọ̀ ń kọrin lọ, ẹ rò pé mo fẹ́ kí ẹ dá a kọ ni. Ìgbà tí mo fi àyà lu dùùrù, tí gbogbo ohùn rẹ̀ ké lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ tó mọ̀. Dókítà tí ẹ gbé mi lọ bá ní Alágbàká sọ fún Kíkẹ́, ìyàwó mi, pé iṣan kan ló dí lọ́pọlọ mi, pé Ọlọ́run ló yọ mí, àti pé bí òmíràn bá tún dé, ó lè má fi mí sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ fi gbé oúnjẹ wá sílé wa. Áltò ń fọ aṣọ mi, báàsì ń gbé mi lọ sí balùwẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Bí mo bá sunkún, ẹ ó ní ara ló ń ro mí. Kì í ṣe ara. Ẹ̀ ń tọ́jú ẹni tí ẹ kò mọ̀ ni.

Oǹdó ni wọ́n bí mi sí, ní Òkè-Lísà. N kò ní dárúkọ ìjọ tí mo ti kọ́ dùùrù, torí ìjọ náà kò ṣẹ̀, èmi ni mo ṣẹ̀. Ẹni tó kọ́ mi ni Tíṣà Kìtán, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń kọ́ ọmọ níwèé láàárọ̀, tó ń kọ́ akọrin nírọ̀lẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Dùùrù tí a ní nígbà náà, ẹsẹ̀ la fi ń fún un ní èémí; bí o bá gbàgbé ẹsẹ̀, orin kú. Tíṣà a máa gbé hóró kòkó kan lé ẹ̀yìn ọwọ́ wa bí a bá ń tẹ dùùrù, kí ọwọ́ wa má baà máa jó. Bí kòkó bá jábọ́, a ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kò fi pàṣán kan ẹnikẹ́ni rí. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, kò ní ohun tí yóò fi kọ́ mi lórin, Tíṣà kò sì bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fi ń jẹun láyé, ọwọ́ ọkùnrin yẹn ni mo ti gbà á. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ti ń gbọ́ ohun tí mo fi san án.

Àwa méjì ló kọ́ kẹ́yìn. Ẹnì kejì ni Yétúndé, ọmọ ìyá oníbúrẹ́dì tí ilé wọn kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ, Bùọ̀dá Gbémiga ló sì máa ń pè mí. Orin tí mo bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni Yétúndé yóò gbọ́ ọ tí yóò fi jókòó tẹ̀ ẹ́, tí yóò tún fi ohùn tí kò sí nínú ìwé kún un, tí ohùn náà yóò sì bá a mu. Bí mo bá tẹ dùùrù tán, Tíṣà a ní, “O ṣiṣẹ́.” Bí Yétúndé bá tẹ̀ tán, kì í sọ nǹkan kan. Á kàn ṣí fìlà. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kórìíra fìlà yẹn bí ẹni kórìíra ènìyàn.

Nígbà tó di ọdún 1985, ojú Tíṣà ti ṣú. Ó lè mọ̀ pé ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n kò lè rí ìwé orin mọ́. Kọ̀mítì ìjọ ní kó kọ lẹ́tà sí àwọn, kó dárúkọ ẹni tó yẹ kó gba ipò rẹ̀, pé ẹni tó bá dárúkọ ni àwọn yóò mú. Ó ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ Wẹ́sìdeé kan, lẹ́yìn tí ilé ìwé tú. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ń bó ọsàn. Ó ní, “Gbémiga, mú ùwé, kí o mú kálàmù.” Ùwé ló máa ń pè é, bí àwa ará ilé ti ń pè é. Ó ní, “Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lè má dùn ọ́, ṣùgbọ́n ìwọ ni mo pè kọ ọ́, kí o lè mọ̀ pé n kò sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ.” Ẹ ò rí i? Ó lè pe ẹlòmíràn. Ìfẹ́ ló fi pè mí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀rọ̀ fún mi: “Ẹni tí mo fẹ́ kó gba ipò mi ni Yétúndé. Olúgbémiga ń ṣiṣẹ́ kára, ẹ jẹ́ kó máa ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí, Yétúndé, ń gbọ́ orin kí n tó tẹ̀ ẹ́. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ ní ìyẹn, ara rẹ̀ ni mo ti bá a. Ẹ má wò ó pé obìnrin ni. Bí mo bá bí ọmọ, irú rẹ̀ ni ǹ bá bí.”

N kò lérò ibi nígbà tí mo wọ ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ ti ọmọ bíbí yẹn, nǹkan kan yí nínú mi. Èmi ni mo ń pọnmi fún un. Èmi ni mo ń mú un lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kọ orúkọ mi síbi tó pe orúkọ Yétúndé, mo kọ orúkọ Yétúndé síbi tó pe orúkọ mi. Mo fo ti obìnrin àti ti ọmọ bíbí. Kò ju ìyẹn lọ. Ó ní, “Kà á sí mi létí.” Mo gbé ìwé èké náà sójú, mo sì ka ọ̀rọ̀ òtítọ́ sí i létí láti orí, bó ṣe pè é gan-an, láìṣìnà. Ó mi orí, ó ní, “O kà á dáadáa. O kò jẹ́ kí ohùn rẹ yí.” Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo gbé kálàmù lé ibi tí yóò ti fọwọ́ sí i. Oje ọsàn wà ní ìka rẹ̀, ó sì kán sí ẹ̀bá lẹ́tà náà. Ó wá bù lára ọsàn tó bó, ó fún mi jẹ. Mo jẹ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n kéde orúkọ mi nínú ìjọ. Yétúndé tọ̀ mí wá lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, “Bùọ̀dá Gbémiga, ẹ kú oríire. Àwọn àgbà ní Tíṣà ló yàn yín. Mo fẹ́ lọ bá a, kó sọ ibi tí mo kù sí fún mi, kí n lè tún un ṣe.” Ojora mú mi. Mo ní, “Má lọ. Ara rẹ̀ kò yá. Ó ti sọ fún mi pé ipò yẹn kò tọ́ sí obìnrin, pé òun kò fẹ́ kí ẹ jọ sọ ọ́ mọ́.” Ó wò mí. Ó ní, “Tíṣà sọ bẹ́ẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò tó oṣù kan tó gba iṣẹ́ olùkọ́ ní Àkúrẹ́, tó kó lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní àdúgbò Ijapo níbẹ̀. Kò dágbére fún Tíṣà. Àlùfáà wa ní tirẹ̀ wá kí Tíṣà nílé, ó ní, “Bàbá, a rí lẹ́tà yín, a dúpẹ́.” Èmi náà wà ńbẹ̀. Tíṣà dáhùn pé, “Ó dára.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí kì í ṣe ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí àlùfáà lọ tán, ó ní, “Wọ́n dúpẹ́ lẹ́tà mi, wọ́n sì jù ú nù. Gbémiga, kò kàn ọ́. Ìwọ kọ́ lo yan ara rẹ. Bó ti jẹ́ ìwọ ni wọ́n mú, máa bọ̀ níbi lójoojúmọ́, kí n kọ́ ọ ní ìyókù.” Ọdún méjì gbáko ló fi kọ́ mi ní ohun tó ń pa mọ́ de Yétúndé. Bí ẹ bá ti gbọ́ tí mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ ohùn ìsàlẹ̀ nígbà tí ìjọ bá dákẹ́, tí ẹ ní ó ń mú yín lọ́kàn, ibẹ̀ ló ti wá.

Mo ti ń sọ ọ́ bọ̀, mo sì ti dé ibi tó burú jù. Ní ọdún 1987, Tíṣà dùbúlẹ̀ àìsàn, gbogbo wa sì mọ̀ pé kò ní dìde mọ́. Ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, “Gbémiga, lọ sí Àkúrẹ́. Sọ fún Yétúndé kó wá. Mo fẹ́ gbé ọwọ́ lé e lórí. Bó bá ní òun ń bínú, sọ fún un pé mo kọ orúkọ rẹ̀, pé àwọn ni wọn kò gbà.” Mo wọkọ̀. Ní ojú ọ̀nà, mo rò ó pé tí Yétúndé bá dé, tí wọ́n bá jọ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ti tán. Mo dé Ijapo. Mo rí i látòkèèrè, ó ń sá aṣọ sórí okùn nínú ọgbà àǹtí rẹ̀, ó ń rọra kọrin. Kò rí mi. Mo dúró lẹ́yìn ògiri ilé kejì títí ó fi sá aṣọ tán, tó gbé abọ́ aṣọ wọlé. Mo yí padà. Mo ra búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ní gáréèjì, mo jókòó jẹ ẹ́ títí oòrùn fi yẹ̀, kí ó lè dà bí ẹni pé mo pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo padà dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Tíṣà, ó gbé orí sókè, ó ń fetí wá ẹsẹ̀ kejì lẹ́yìn mi. Mo ní, “Ẹ má bínú, sà. Ó ní òun kò ní wá.” Ó ní, “O jíṣẹ́ fún un dáadáa? Pé mo kọ orúkọ rẹ̀?” Mo ní, “Mo jẹ́ ẹ, sà.” Ó ní, “Kò jẹ̀bi. Èmi ni n kò lè gbà á fún un.” Ọjọ́ kẹta ló kú. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán èmi, n kò tilẹ̀ fi tẹrú jẹ́ ẹ.

Èmi ni mo tẹ dùùrù níbi ìsìnkú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ní mo tẹ̀ ẹ́ bí áńgẹ́lì. Wọ́n tún ní Yétúndé ya aláìmoore, pé kò wá sin tíṣà rẹ̀. Mo gbọ́ ọ, n kò ya ẹnu.

Lẹ́yìn ìyẹn, oore ni Ọlọ́run ń ṣe fún mi, ìyẹn ló sì yà mí lẹ́nu jù. Mo fẹ́ Kíkẹ́, ìwà rẹ̀ tù mí lára. Ìjọ yín ní Àkúrẹ́ pè mí lọ́dún 2000, ẹ fún mi ní dùùrù tí ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́, ẹ fún mi ní ohùn ogójì ènìyàn. Mo rí yín tí ẹ ti ọ̀dọ́ di ìyá ọmọ. Mo tẹ dùùrù níbi ìgbéyàwó mọ́kànlá nínú yín. N kò jẹ́ pe ayọ̀ yẹn ní irọ́. Ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ẹlòmíràn ni mo ń jẹ, ó sì dùn, mo sì dúpẹ́ lórí rẹ̀ lójoojúmọ́ láìsọ ẹni tó ni ín.

Nínú oṣù Karùn-ún, Precious wá ka ìtàn ayé mi tó kọ fún ọjọ́ ìdúpẹ́ sí mi létí. Ó kà á débi pé, “Tíṣà rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti fọ́ yàn án láàárín gbogbo ènìyàn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sí i.” Ó bojú wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, “Sà, ibí yìí ló dùn mọ́ mi nínú jù.” Mo ní kó má lọ síwájú, pé orí ń fọ́ mi. Nígbà tó lọ tán, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Kíkẹ́, ẹni tí a ti jọ sùn fún ọdún mẹ́rìndínlógójì tí kò gbọ́ ọ rí. Mo rò pé yóò pariwo. Ó ká aṣọ tó ń ká lọ́wọ́ tán, ó ní, “Bàbá, èmi kọ́ lẹ ṣẹ̀. Ẹ wọ bàtà yín.”

Yétúndé ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó ń gbé ní Ijare pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Alhaji Ìbráhímù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ ní Àkúrẹ́. Ọkọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Ó rí ọ̀pá lọ́wọ́ mi, ó sáré gbé àga wá, ó ní, “Ẹ jókòó, ẹ jókòó, ẹ kú ọ̀nà.” Yétúndé jáde wá, ó ti hewú. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Áà, Bùọ̀dá Gbémiga! Ṣé kò sí o? Mo gbọ́ pé ẹ ṣàìsàn.” Mo ní kó jọ̀wọ́ kó dìde, pé ìkúnlẹ̀ yẹn kò tọ́ sí mi. Mo sọ ọ́ láti orí dé ìsàlẹ̀: lẹ́tà, irọ́ ẹ̀yìn ìsìn, aṣọ tó ń sá ní Ijapo. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo sọ tán, kò pè mí ní ẹ mọ́. Ó ní, “O rí mi? O dúró, o rí mi?” Mo ní, “Mo rí ọ.” Ó ní, “Kí ni Tíṣà ní kí o kọ gan-an? Pè é. Má fi ọ̀kan sílẹ̀.” Mo pè é fún un bí mo ṣe kà á sí Tíṣà létí lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo dé “irú rẹ̀ ni ǹ bá bí,” ó fi ìdí lélẹ̀ ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Alhaji fẹ́ mú un dìde, ó ní, “Fi mí sílẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi rò pé ó kórìíra mi.” Ó yíjú sí mi. Ó ní, “Máa lọ. Mi ò dárí jì ọ́. Padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, kí o tún un pè.”

Mo padà lọ́jọ́ Ẹtì. Mo tún un pè. Mo sì ti ń lọ lọ́jọ́ Ẹtì gbogbo láti ìgbà náà. Bí Alhaji bá ti Jímọ̀ dé, yóò bá wa lórí ọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí Tíṣà sọ nípa rẹ̀ lọ́dún méjì tó kọ́ mi ní ìyókù ni mo ń kó fún un: ọjọ́ tí mo tẹ ohùn kan tán tó ní Yétúndé ì bá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ọjọ́ tó bèèrè bóyá wọ́n ní dùùrù ní ilé ìwé tó ti ń kọ́ni. N kò mọ̀ pé mo tọ́jú ọ̀rọ̀ púpọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú. Alhaji sọ fún mi lọ́jọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà pé, “Ẹ ṣe é burúkú. Ṣùgbọ́n ó ń jẹun dáadáa lọ́jọ́ tí ẹ bá wá.” N kò rí ẹni fún mi ní ẹ̀bùn tó tó gbólóhùn yẹn rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Yétúndé ní kí n mú òun lọ sí Oǹdó. Alhaji ló wa ọkọ̀. Koríko ti bo sàréè Tíṣà. Kíkẹ́ àti Alhaji fi ọwọ́ tu ú, torí ọwọ́ òsì mi kò tí ì lágbára. Yétúndé kò jẹ́ kí n bá òun dé ìdí rẹ̀. Ó ní kí n dúró sí ibi tí mo wà, kí n máa gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ kan símẹ́ńtì náà, ó ní, “Tíṣà, Yétúndé ni. Wọn ò jíṣẹ́ fún mi, sà. Bí wọ́n bá jẹ́ ẹ ni, ǹ bá sáré wá.” Ó sì gbé orí lé sàréè náà, ó pẹ́ níbẹ̀, bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń gbàdúrà fún.

Precious, fa igi sí gbólóhùn tó dùn mọ́ ọ nínú yẹn, kí o sì kọ òtítọ́ sí ipò rẹ̀. Ẹ̀yin akọrin mi, bí ẹ bá ṣì fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ náà, n ó wá, n ó jókòó sẹ́yìn. Bí ẹ kò bá ṣe é, mo ti rí oore gbà kọjá ẹ̀tọ́ mi, ẹnu mi kò gba ìráhùn. Mo tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ yín. Yétúndé kò tí ì dárí jì mí, n kò sì bẹ ẹ́ pé kó yára. Ọjọ́ tó fún mi láti máa wá yìí, mo dúpẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àárín yín, tí ẹ̀ ń wo àga ẹlòmíràn: ẹ̀bùn tí Ọlọ́run kò fún yín, ẹ lè gbé ayé yín tán láìní í, kò ní pa yín. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fi ọ̀rọ̀ rán yín sí ẹni tó fẹ́ràn, ẹ dìde lọ́jọ́ náà, ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rán yín. Ẹni náà lè wà nínú ọgbà, kó ti ń retí rẹ̀.